Bàbá wa ò lè tẹ̀ lé ko-ko-ko: báwo la ṣe fẹ́ gba orin Kérésìmesì ilé wa sílẹ̀?

Aránṣọ_Ìtòkò · ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá, ó sì gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Bàbá wa ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ́ ìyá wa. Ẹni ọdún 77 ni wọ́n báyìí. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, kò sí ẹyọ kan tí orin fò dá nínú wa. Bọ̀dá wa àgbà ń kọ bésì, Manchester ni wọ́n wà. Àǹtí mi tó tẹ̀ lé wọn ló ń kọ tírẹ́bù, àwọn àti ọkọ wọn ń gbé ní Houston. Èmi gba áltò lọ́wọ́ ìyá wa nígbà tí wọ́n pa ipò dà ní 2019. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ tẹ́nọ̀, àfi tó bá jẹ ẹ̀bà sùn lálẹ́ àná. Àbíkẹ́yìn wa, gángan ló ń lù ní tiẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, pálọ̀ la máa ń kóra jọ sí. Bàbá á ṣí dùùrù àtijọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fín bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a ó máa kọrin títí ọbẹ̀ á fi dì. Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti pé gbẹ̀yìn. Nínú oṣù Kẹjọ, bàbá pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ ká gba orin mẹ́fà sílẹ̀ kí ọdún tó parí, pé ohùn gbogbo ọmọ àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọn ò sọ ìdí, èmi náà ò bi wọ́n.

A ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, orí Zoom la pàdé sí. Bí bàbá bá fi tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin, tí ó bá fi dé Houston, èmi ti wà ní ọ̀rọ̀ kejì. Kí ohùn tiwọn tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, a ti wọ ìlà tó kàn. Bọ̀dá wa ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí dánfó mẹ́ta ń du ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ní Láfẹnwá.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn mí. A gbé bàbá lọ sí sitúdíò kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. ₦60,000 la san. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ fi nǹkan kan tó ń dún ko-ko-ko sí bàbá létí, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Ẹ sì rèé o, bàbá wa kì í rìn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin: ẹsẹ kìíní á rọra, tó bá máa fi di ẹsẹ kẹta, wọ́n ti ń sáré. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ìlà kejì, wọ́n yọ ọ́ létí, wọ́n ní, "Ta ni kí n máa bá lọ, orin ni àbí ẹyẹ àkókó yìí?"

Nígbà tí iṣẹ́ jáde, wọ́n ti da ìlù inú kọ̀ǹpútà lé e lórí, wọ́n sì ti bá bàbá "tún ohùn ṣe". Gbogbo ibi tí bàbá ti ń fa ohùn wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ti gé e ní ìpele ìpele bí àkàsọ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ "Ọba wa dé", ohun tí etí ń gbọ́ báyìí ni "Ọbà wa dé". Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Kérésìmesì la fẹ́ ṣe ni àbí odò Ọbà ló kún?" Láti ọjọ́ náà, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò tíì dárúkọ orin fún ẹnikẹ́ni.

Fóònù Android méjì ló wà lọ́wọ́ mi, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò mi. Ta ni kó kọ́kọ́ kọ? Ṣé dandan ni ko-ko-ko yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n gbé bàbá lọ sí sitúdíò mìíràn.

Ẹlẹ́rọ_Ìdí_Apẹ · ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá

Aránṣọ, ẹ kú wàhálà o. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ni mo ń ṣe nílẹ̀ Ìbàdàn níbí, ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá ni mo ti ń jẹun.

Zoom kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ohùn tó máa lọ dé Amẹ́ríkà kó tó padà wá kò lè bá ẹsẹ̀ bàbá yín mu láéláé, kódà kí dátà yín pọ̀ bí omi òkun. Yàtọ̀ síyẹn, ìpàdé ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún: tí èèyàn méjì bá la ẹnu pọ̀, á tẹ ohùn ẹnì kan rì kí ti ẹnì kejì lè yọ. Ẹ má kọrin pọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan ló máa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, bàbá ni. Kí wọ́n tẹ dùùrù wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ, kí wọ́n sáré níbi tí ó bá wù wọ́n. Ẹ ju ko-ko-ko dànù. Ẹni tó fẹ́ gé orin sí wẹ́wẹ́ kó tún tò ó pọ̀ ló wúlò fún, ẹ̀yin ò fẹ́ gé nǹkan kan. Ẹ wá fi ti bàbá ránṣẹ́ sí àwọn ará Manchester àti Houston, kí wọ́n máa gbọ́ ọ létí kí wọ́n sì máa kọ tiwọn lé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbọ́ ọ kí wọ́n tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àti ohùn ti wà lórí wọn, ìyẹn ò ṣòro. Ibi tí bàbá ti ń mí ni kí wọ́n há sórí.

Íápíìsì oníwáyà ni o, mo bẹ̀ yín. Èyí tí kò ní wáyà máa ń pẹ́ kó tó gbé ohùn dé etí, ẹni tó bá fi kọrin á kàn máa wọ́ tẹ̀ lé orin lẹ́yìn ni. Kí bàbá pàtẹ́wọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ náà á pàtẹ́wọ́ mẹ́ta pẹ̀lú wọn sórí tirẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú Audacity (ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ohùn pọ̀, ọ̀fẹ́ ni), ẹ ó rí àtẹ́wọ́ náà tí wọ́n yọ sókè ṣóńṣó ṣóńṣó lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn fà wọ́n títí ṣóńṣó á fi wà lábẹ́ ṣóńṣó, ó parí.

Ẹ tẹ àmì bàálù lórí fóònù kí ìpè má baà já lu orin bàbá. WAV ni kí ẹ gbà á sí, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp, torí á fún ohùn náà pọ̀ títí tí á fi dún bí inú agolo. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ yín náà ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Gángan ni kó kẹ́yìn, kó má baà bo ohùn bàbá.

Yàrá wo lẹ fẹ́ lò? Tó bá jẹ́ pálọ̀ onítáìlì tí kò sí kátínnì, ẹ wá ibòmíràn. Bí inú ìkòkò òfìfo ni.

Ọmọ_Àyàn_Ẹdẹ · ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá

Mo kí Ẹlẹ́rọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ, àfi ti ìparí yẹn. Gángan kì í kẹ́yìn.

Onígángan ń wo èèyàn ni. Kí olórin tó yí ohùn padà, èjìká rẹ̀ á ti gbé. Ẹni tó ń lùlù ti rí i kó tó gbọ́ ọ. Fóònù ò lè fi èjìká ránṣẹ́. Kí àbíkẹ́yìn jókòó kọjú sí bàbá, kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní fóònù méjì, àbí? Ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìlù, kí onílù sún sẹ́yìn kó sì yí ojú awọ sápá kan.

Ẹ má sì jẹ́ kó di ìgbà ọyẹ́. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú gángan, tí ọyẹ́ bá fẹ́ ẹ, á gan, ìlù á máa han gooro ju bó ṣe yẹ lọ. Dùùrù bàbá yín ní tiẹ̀, ahọ́n idẹ ló wà nínú rẹ̀, kò ní bá a gòkè. Ìlù á máa sọ tiẹ̀ lókè, dùùrù á máa sọ tiẹ̀ nílẹ̀. Mo ti rí i rí, lóde ìyàwó, ojú ti gbogbo wa.

"Ọba wa dé" yẹn, re-re-re-mí ni. Ẹ̀rọ yẹn sọ ọ́ di re-dò-re-mí. Kí gángan tẹ̀ lé bàbá lẹ́nu lójú ibẹ̀ gan-an, kó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ẹ̀rọ yí ohùn bàbá, ìlù á jẹ́rìí ta kò ó.

Ẹlẹ́rọ_Ìdí_Apẹ · ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá

Ọmọ Àyàn, tí gángan bá ti wọ inú fóònù bàbá, kò sí ẹni tó máa lè yọ ọ́ mọ́ o. Mo ti wí tèmi.

Ọmọ_Àyàn_Ẹdẹ · ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá

Ta ló fẹ́ yọ ọ́?

Ìyá_Ìbejì_Peckham · ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí. Aránṣọ, èmi àti àwọn àbúrò mi ṣe irú ẹ̀ fún ìyá wa tó wà ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ sí. Inú wọ́dúróòbù ni mo ti kọ tèmi, láàárín kóòtù òtútù, mo fi dúfé bo ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ṣí i, ó rò pé mò ń sunkún níbẹ̀. Ẹ sọ fún bọ̀dá yín ní Manchester pé tí ilé wọn bá jẹ́ èyí tó fi ògiri kan lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò, kí wọ́n má kọ bésì lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n á kan ògiri fún wọn.

Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ti inú ẹbí nìkan ni? Torí orin tí ẹ bá mú ṣe pàtàkì.

Tísà_Àgbà · ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá

Aránṣọ, ọmọ mi, mo kí bàbá rẹ. Bá mi sọ fún wọn pé wọn ò ṣe àṣejù. Ẹni tó gbọ́ Ọbà níbi tí Ọba yẹ kó wà, etí rẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n má dá ẹ̀rọ nìkan lẹ́bi. Òyìnbó ti ṣe ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, àwa wá ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́ lábẹ́, ohùn náà sì ń fa ọ̀rọ̀ wa káàkiri bó ṣe wù ú. Ìwé orin wa ti ń sọ Ọba di Ọbà kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin sitúdíò yẹn. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ti rojọ́ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953: ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa darí ohùn lédè wa. Ọmọ rẹ̀ ló sì jókòó sídìí dùùrù yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nínú mẹ́fà yẹn, mélòó ni bàbá rẹ fúnra wọn kọ? Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ti òyìnbó kò ní sá lọ.

Tó bá di ti títà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà dá ààbò bo iṣẹ́ olórin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Orin "Alẹ́ mímọ́" tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Oberndorf, ní Austria, ní 1818, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wù yín, àwọn tó ṣe é ti sùn tipẹ́. Àmọ́ àwọn orin Kérésìmesì orí rédíò tí a gbọ́ nígbà èwe wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ní olówó.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí ọmọ Ẹ̀gbá ni yín. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, gba orin ìjọ lédè Yorùbá sílẹ̀ ní London sórí àwo ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó ti lé ní ẹni ọdún 65 nígbà náà. Kò sí maikirofóònù nínú iṣẹ́ àwo lásìkò yẹn, ọdún 1925 ni iná mànàmáná tó wọ̀ ọ́; ìwo ràgàjì kan ni olórin ń kọjú sí, tó ń kọrin sí i lẹ́nu. Kò sí ko-ko-ko, kò sí ẹni tó tún ohùn kankan ṣe. A ṣì ń gbọ́ wọn.

Aránṣọ_Ìtòkò · ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá

Tísà, ẹ ṣeun, sà. Méjì ni bàbá kọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ibi tí ìwé orin àwọn wà. Ìyẹn dáa, àbí?

Aránṣọ_Ìtòkò · ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá

Mo ti dé o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, oṣù Kọkànlá kì í ṣe oṣù tí aránṣọ ń ráyè họ ara.

Ẹlẹ́rọ, ẹ bi mí nípa yàrá. Pálọ̀ wa, inú ìkòkò òfìfo gan-an ni. Mo wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, mo wò yíká: ìdì áńkárá láti ilẹ̀ dé àjà, aṣọ ẹgbẹ́ 40 tó so kọ́ lára ògiri, àpò àjákù aṣọ tí mi ò tíì dà nù láti ọdún tó kọjá. Mo pàtẹ́wọ́ kan. Àtẹ́wọ́ náà kú síbi tí mo pa á sí. Mo ní, háà, sitúdíò rèé tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Bárò la fi ti dùùrù bàbá dé ibẹ̀. Èèyàn mẹ́rin dì í mú, bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú agboòrùn bí ẹni ń sin ìyàwó. Mo fún ọmọ tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ₦3,000 kó bá mi pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́. Alẹ́ mẹ́ta la fi ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ ò tíì dé.

Lórí gángan, Ọmọ Àyàn ló jàre. Orin mẹ́rin, bàbá àti àbíkẹ́yìn jọ ṣe é, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Àwọn méjì tó rọra, a gbìyànjú láti fi ìlù kẹ́yìn bí Ẹlẹ́rọ ṣe wí. Kò dùn, ńṣe ló dà bí àlejò tí ò mọ ibi tí àga wà. A yọ ìlù níbẹ̀ pátápátá.

Àǹtí mi ní Houston wọ inú ọkọ̀ wọn nínú gáráàjì, wọ́n ti gbogbo fèrèsé, wọ́n kọ tírẹ́bù tó mú omi bọ́ lójú mi. Bọ̀dá wa ní tiwọn gbójú lé íápíìsì aláìníwáyà. Mo kìlọ̀. Bésì wọn dé bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn, tó ń wá ibi jókòó. Wọ́n lọ ra oníwáyà, wọ́n tún un kọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Nínú ọ̀kan nínú méjì tí bàbá kọ, ní ẹsẹ kejì, bí ìlà kẹta ṣe ń parí, bàbá dúró. Ó ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ wọn wà lórí dùùrù, ẹsẹ̀ wọn ń fín in lọ, wọn ò tẹ èyí tó kàn. Èmi ti wọlé tẹ́lẹ̀, áltò mi nìkan ló ṣẹ́kù níta bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ni. A tún un ṣe, wọ́n tún dúró níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, àbíkẹ́yìn fi kọ̀ǹgọ́ ìlù kàn mí lórúnkún pé kí n dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àǹtí mi pè mí ní aago mẹ́rin ìdájí tiwọn. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ létí lójoojúmọ́ bí Ẹlẹ́rọ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n ní, "Aránṣọ, ibẹ̀ ni màmá máa ń mí." Òótọ́ ni. Àyà ń dun màmá lọ́dún méjì tó gbẹ̀yìn, wọn ò lè kọ ìlà yẹn já láìdúró, bàbá a sì máa dì í mú dè wọ́n. Mo lọ tún áltò tèmi kọ. Èmi náà mí níbẹ̀ báyìí.

Ẹlẹ́rọ, ko-ko-ko ì bá ti gé e kúrò.

Bàbá ní a ò tà á. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ẹgbẹ́ akọrin, kí n sì tẹ ọ̀rọ̀ orin méjèèjì tàmì-tàmì. Àríyànjiyàn kan péré ló kù. Mo ti ra tòlótòló sílẹ̀ láti oṣù Kẹwàá kó tó wọ́n, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo so ó mọ́. Ní orin karùn-ún, ẹsẹ kẹta, lẹ́yìn "Ọba wa dé", ó dá sí i, ketekete, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Bọ̀dá wa ní ká gé e. Bàbá ní ẹni tó bá gé ohùn rẹ̀ kúrò kò ní jẹ nínú ẹran rẹ̀.

Ọmọ_Àyàn_Ẹdẹ · ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá

Ẹ kú orí ire o. Tòlótòló yẹn, ṣé ó bá dùùrù mu?

Aránṣọ_Ìtòkò · ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá

Ó sàn ju bésì bọ̀dá wa àkọ́kọ́ lọ.